Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lo ájẹ́ǹsì agbègbè wa láti fi wá dìsáínà?

Alákòóso_Ọ́fíìsì kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí bá mi dá sí. Ilé iṣẹ́ wa ò tóbi, a ò ní ẹ̀ka kankan tó ń rí sí gbígba èèyàn síṣẹ́, èmi tí mò ń bójú tó ọ́fíìsì ni wọ́n já gbogbo ẹ̀ lé lọ́wọ́. Èèyàn méjì là ń wá. Àkọ́kọ́ ni dìsáínà tó máa wà pẹ̀lú wa títí lọ, tó máa mójú tó lógò, páálí ọjà, wẹ́bsáìtì, gbogbo nǹkan wa tí ojú kọ́sítọ́mà ń rí. Ìkejì ni ẹni tó ń ṣe mósọ̀n, àwọn àwòrán tó ń rìn nínú fídíò ìpolówó, oṣù mẹ́fà péré la fẹ́ gba ìyẹn fún.

Ọ̀gá mi ní ká lọ bá ájẹ́ǹsì kan tó ń bá ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ní agbègbè wa, torí àwọn ló bá wa wá akáúńtáǹtì wa, ó sì ń ṣe dáadáa. Èmi wá ń rò ó pé ẹni tó mọ akáúńtáǹtì wá, ṣé ó mọ dìsáínà náà wá ni? Ájẹ́ǹsì míì wà tó jẹ́ pé àwọn oníṣẹ́ ọnà nìkan ni wọ́n ń bá èèyàn wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni mo sì ń rí lórí wẹ́bsáìtì wọn, ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní ka irú wa sí. Àwọn ti agbègbè ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́: 20 pásẹ́ǹtì owó ọdún kan ẹni tá a bá gbà, tẹ́ni náà bá kúrò láàárín oṣù mẹ́ta wọ́n á wá ẹlòmíì fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Kí ló yẹ kí n bi wọ́n kí n tó buwọ́ lù ú?

Rìkúrútà_Tẹ́lẹ̀ dáhùn:

Ẹ kú ìdààmú, iṣẹ́ tí wọ́n já lé yín lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ìdí iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fi í sílẹ̀, ájẹ́ǹsì tó ń bá èèyàn wá dìsáínà àti àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mo bá ṣiṣẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ lábẹ́lẹ̀ fún yín.

20 pásẹ́ǹtì ò burú. Láàárín 15 sí 25 lọ̀pọ̀ ájẹ́ǹsì wà, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ tẹ́ ò bá gba ẹni tí wọ́n mú wá. Irú kejì wà tó jẹ́ pé ẹ máa ti máa sanwó látìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń sún mọ́ ìdá mẹ́ta owó ọdún kan, wọ́n sì sábà máa ń pín in sí ìgbà mẹ́ta, nígbà tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fún wọn, nígbà tí wọ́n bá kó orúkọ àwọn tó ṣẹ́ kù wá, nígbà tí ẹni náà bá gbàṣẹ́. Àwọn tó ń wá ọ̀gá àgbà ni ìyẹn wà fún, tiyín ò tíì dé bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Rìkúrútà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ájẹ́ǹsì tó ń wá èèyàn fún yín, tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá gbàṣẹ́ nìkan ló ń rówó, iṣẹ́ tó bá tètè máa parí ló máa kọ́kọ́ dojú kọ. Tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ kan náà fún ájẹ́ǹsì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà pé kí wọ́n máa sáré, ẹ ò ní rí ẹni tó máa fara balẹ̀ wò ó fún yín, ṣe ni kálukú wọn á máa da CV sínú ímeèlì yín kí orúkọ tiwọn lè kọ́kọ́ wọlé. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé kí wọ́n mú ẹyọ kan, kí wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tí ò ní sí ẹlòmíì níbẹ̀, kí wọ́n wá fi ìyẹn ní kó bá wọn dín owó rẹ̀ kù. Wọ́n á dín in o, torí ẹni tó mọ̀ pé òun nìkan ló wà nídìí iṣẹ́ á lè fọkàn sí i.

Tó bá wá kan ti agbègbè. Àwọn dìsáínà tó wà ní agbègbè kan ò pọ̀ rárá, ojú kan náà lẹ máa rí lọ́dọ̀ gbogbo ájẹ́ǹsì tó wà níbẹ̀. Àǹfààní ẹ̀ ni pé rìkúrútà tó ti pẹ́ níbẹ̀ mọ ìtàn wọn: ó mọ ẹni tó mọṣẹ́ gan-an àmọ́ tí kò ráyè tún wẹ́bsáìtì ẹ̀ ṣe, ó mọ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ dín èèyàn kù lóṣù tó ń bọ̀, ó mọ ẹni tó sọ pé òun ò lè rìnrìn ọ̀nà jíjìn mọ́ torí ọmọ. Ìyẹn ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì gbà pé ohun tó tó sanwó fún ni. Ibi tó ti wá ń dunni ni pé ájẹ́ǹsì yẹn náà ló ń bá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du ọjà wá èèyàn. Ẹ bi wọ́n pé tí wọ́n bá ti bá yín wá ẹnì kan, ìgbà wo ni wọ́n tún lè padà wá pè é lọ síbòmíì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ yín gan-an ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pè fún yín, kì í ṣe ọ̀gá tó wá bá yín sọ̀rọ̀ dídùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ ní kó sọ dìsáínà tó bá ẹnì kan wá lọ́dún tó kọjá tónítọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, kó wá sọ ohun tó rí nínú iṣẹ́ ẹni yẹn tó fi mú un. Tó bá jẹ́ pé "ó mọ Photoshop, ó mọ Illustrator, ó mọ Figma", àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí dìsáínà ń lò, nìkan ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ohun tó wà nínú CV ló ń kà fún yín, ẹ̀yin náà sì lè kà á fúnra yín. Ṣùgbọ́n tó bá ní "páálí tó ṣe fún oníṣòwò báyìí ló wù mí torí ó ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ di ohun tí ojú lè kà", ẹ fún ẹni yẹn níṣẹ́, ì báà jẹ́ pé akáúńtáǹtì ni wọ́n ń wá jù níbẹ̀.

Ti oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ ka ìlà kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ìlérí yẹn máa ń bọ́ tẹ́ ò bá san bíìlì wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ dá iṣẹ́ náà dúró kò kàn wọ́n. "A máa wá ẹlòmíì" náà ò dà bíi "a máa dá owó padà". Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé tó bá kúrò lóṣù àkọ́kọ́ wọ́n á dá èyí tó pọ̀ padà, lóṣù kejì á dín, lóṣù kẹta á tún dín. Ọ̀pọ̀ ló máa gbà tẹ́ ẹ bá bèèrè.

Ọ̀kan tó kù: wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ti fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá gbà á láàárín oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá, owó wọn dúró, kódà kó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló kọ̀wé sí yín lẹ́yìn náà. Nígbà táwọn dìsáínà ò sì pọ̀, ájẹ́ǹsì méjì lè fi ẹnì kan náà ránṣẹ́ kí wọ́n wá fa yín lápá ọ̀tún àti òsì. Tórúkọ bá ti wọlé, ẹ dá ímeèlì padà lọ́jọ́ yẹn pé a ti mọ ẹni yìí tẹ́lẹ̀ o, tàbí pé a ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó wà lórí ímeèlì yẹn ló máa gbà yín.

Fọwọ́_Ara_Ẹ_Ṣe dáhùn:

Èmi ò rí ìdí tẹ́ ẹ ó fi fún ẹnikẹ́ni ní 20 pásẹ́ǹtì jàre. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Behance ń bẹ, Dribbble ń bẹ, LinkedIn ń bẹ, iṣẹ́ àwọn dìsáínà wà níta gbangba fún gbogbo ojú. Akáúńtáǹtì ò lè gbé iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ kẹ́ ẹ rí i, dìsáínà lè gbé e kọ́, ìyẹn ni ìyàtọ̀. Ẹ kọ iye owó tẹ́ ẹ máa san síta kedere, ẹ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí àwọn mẹ́wàá tí iṣẹ́ wọn bá wù yín, ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní rí èsì.

Rìkúrútà_Tẹ́lẹ̀ dáhùn:

Òótọ́ lẹ sọ, ẹni tó bá ní àsìkò kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni alákòóso yìí, iṣẹ́ ọ́fíìsì tún wà lọ́rùn ẹ̀. Tó bá gbé ìpolówó síta, ó lè rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èsì, ta ló máa ṣí pọtifólíò yẹn, àkójọ iṣẹ́ tí kálukú ti ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn tí iṣẹ́ wọn sì dáa jù, wọ́n ti wà níbi iṣẹ́, wọn ò wo ìpolówó kankan, ẹni tí wọ́n mọ̀ ló máa pè wọ́n kí wọ́n tó gbọ́. Ó lè pín in: kó wá ti mósọ̀n fúnra ẹ̀ torí oṣù mẹ́fà ni, kó gbé ti títí lọ fún ájẹ́ǹsì, tàbí kó ṣe é lódì kejì.

Ọmọ_Dìsáìnì dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa tá a wà lódì kejì náà, torí nígbà táwọn ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀ ájẹ́ǹsì, wọn kì í sábà rántí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé CV wọn kiri.

Dìsáínà ni mí, ọ̀nà ájẹ́ǹsì ni mo gbà débi iṣẹ́ tí mo wà báyìí, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀. Rìkúrútà tó bá mi wá a pè mí, ó jókòó tì mí lórí fóònù, ó ní kí n yọ iṣẹ́ mẹ́rin kúrò nínú pọtifólíò mi torí wọ́n ń bo àwọn tó dáa mọ́lẹ̀, ó sọ iye owó oṣù fún mi kí n tó bèèrè. Ṣùgbọ́n ṣáájú ẹ̀, ájẹ́ǹsì kan ti fi CV mi ránṣẹ́ síbi mẹ́ta láìsọ fún mi, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ ilé iṣẹ́ tí ọ̀gá mi ìgbà yẹn ní ọ̀rẹ́ sí. Ẹ wo irú wàhálà tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ níbi táwọn oníṣẹ́ ọnà gbogbo ti mọra wọn. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ájẹ́ǹsì tó dáa, ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ mọ̀ pé wọ́n fi í ránṣẹ́ sí yín. Ní Yúróòpù, látìgbà tí òfin GDPR, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, wọn ò lè máa gbé ìwé ẹlòmíì kiri bó ṣe wù wọ́n. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò tíì múlẹ̀ náà, ẹ̀yin lẹ lè sọ pé ẹ ò gba CV tí ẹni tó ni ín ò mọ̀ sí.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Àdéhùn nọ́ńbà 181 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní 1997, abala 7 rẹ̀ sọ ọ́ pé irú ájẹ́ǹsì yìí ò gbọ́dọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ní tààrà tàbí láìṣe tààrà, àfi níwọ̀nba ibi tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, àmọ́ ó ti jẹ́ ká mọ ohun tó tọ́. Ájẹ́ǹsì tó ń gbowó lọ́wọ́ yín tó tún ń gbowó lọ́wọ́ dìsáínà tí kò tíì ríṣẹ́, ẹni tó lówó ló máa mú wá fún yín, kì í ṣe ẹni tó mọṣẹ́.

Ìwé tẹ́ ẹ máa fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wọn náà wà ńbẹ̀ o. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, lógò, páálí, wẹ́bsáìtì, èèyàn kan lè ṣe é tó bá mọṣẹ́, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá yín tún lọ fi "kó mọ fọ́tò yà, kó mọ kóòdù kọ, kó máa bójú tó Instagram" sí i. Táwa bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tá a máa ń kà níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà ò mọ ohun tó ń wá, àwọn tó mọṣẹ́ á rọra kọjá lọ, àwọn tó kù á ní àwọn mọ gbogbo ẹ̀. Kí iye owó náà sì wà nínú ìwé yẹn. "Owó á dá lórí ìrírí" ń lé èèyàn sá.

Atọ́nà_Àwòrán dáhùn:

Gbogbo yín lẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi ti pọtifólíò kún un torí ibẹ̀ gan-an ni ájẹ́ǹsì kankan ò ti lè bá yín ṣe é tán. Èmi ni mò ń yan àwọn dìsáínà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ájẹ́ǹsì ń kó wọn wá, ojú tèmi ló ń yàn.

Pọtifólíò tó dán ò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Iṣẹ́ tíìmù ló pọ̀ jù níbẹ̀, èèyàn mẹ́fà ti lè fọwọ́ kan án, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ sì ni pé èwo ni ìwọ ṣe níbí? Ẹni tó ṣe é máa ń dáhùn kíá: "àmì yìí ti wà kí n tó dé, èmi ni mo yan lẹ́tà àti àwọ̀, ẹlòmíì ya fọ́tò." Ẹni tí kò ṣe é á máa sọ "a" ṣe é, "a" rò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń ní kó ṣí fáìlì gan-an, kì í ṣe àwòrán tó ti parí. Ẹ̀yin ń wá ẹni tó máa ṣe páálí ọjà, ẹ ní kó ṣí páálí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde rí. Ẹ wò ó bóyá ìlà ibi tí ẹ̀rọ máa gé àti ibi tí páálí máa ṣẹ́ wà lórí léyà (ìpele inú fáìlì) tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ wò ó bóyá àwọ̀ ẹ̀yìn kọjá etí ibi tí wọ́n máa gé, 3 mm ló wọ́pọ̀, torí tí kò bá kọjá bẹ́ẹ̀, bí abẹ ẹ̀rọ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìlà funfun tín-ínrín á yọ létí gbogbo páálí tẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹ wò ó bóyá CMYK, àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ni fáìlì náà wà, àbí RGB tí kọ̀ǹpútà fi ń tàn, tó jẹ́ pé àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà máa ṣú tó bá dórí páálí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ nípa dìsáìnì lè bi í bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ kàn ní kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín bó ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún ọ̀gá yín. Dìsáínà tó lè ṣàlàyé ìdí tó fi gbé ọ̀rọ̀ síbi tó gbé e sí, láìbínú, láìfi gírámà dí yín lójú, ẹ máa gbádùn ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún, ìdajì ẹ̀ ni ṣíṣe, ìdajì yòókù ni kéèyàn lè jókòó ti ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mú lógò tóbi sí i kó sì bá a sọ̀rọ̀ tó máa yé e.

Ti mósọ̀n yàtọ̀. Wọ́n máa ń fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́, bí ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n kó gbogbo ohun tó dùn ún wò jọ sí pẹ̀lú orin. Ẹ pa orin náà, ẹ tún un wò. Ẹ wá ní kó fi iṣẹ́ kan ṣoṣo hàn yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àwòrán tó kọ́kọ́ fọwọ́ yà kó tó gbé e sínú After Effects, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń mú àwòrán rìn. Àwòrán ọwọ́ yẹn ṣe pàtàkì lásìkò yìí gan-an, torí ẹnikẹ́ni lè ní kí ẹ̀rọ AI ya nǹkan tó dáa jáde, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó yí ohun kékeré kan padà níbẹ̀, kó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ ẹni tó ni iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ má bínú sí ẹni tó ní àwọn iṣẹ́ kan wà tí òun ò lè gbé síta torí òun ti tọwọ́ bọ̀wé àṣírí. Òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó sì lè pa ti ọ̀gá ẹ̀ àtijọ́ mọ́ ló máa pa tiyín náà mọ́.

Alákòóso_Ọ́fíìsì kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bá yín gbé e. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Mo pe ájẹ́ǹsì agbègbè lónìí, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹni tó máa ṣe é gan-an, obìnrin kan ni, ó sì sọ páálí méjì tó mọ ẹni tó ṣe é fún mi láìjẹ́ pé mo ti sọ pé páálí là ń ṣe jù, ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ó ní ti mósọ̀n, àwọn lè fún wa ní ẹnì kan tó máa wà lábẹ́ tiwọn, àwọn máa san owó ẹ̀, àwa á máa san fún àwọn ní wákàtí wákàtí. Ìbéèrè mi wá ni pé fídíò tó bá ṣe, ta ló ni ín? Tó bá sì wù wá ká gbà á sọ́dọ̀ ara wa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ńkọ́?

Akọ̀wé_Àdéhùn dáhùn:

Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi yìí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń bi í, ìgbà tí ọjà bá tà ni wọ́n máa ń rántí.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ yín bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ̀yin lẹ ni ín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú òfin kọ́píráìtì, òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́, ti Amẹ́ríkà ti 1976 àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara ẹ̀ tẹ́ ẹ kàn sanwó fún, tirẹ̀ yàtọ̀ o. Òun ló ni ohun tó ṣe títí á fi kọ ọ́ sílẹ̀ tó sì buwọ́ lù ú pé òun ti gbé e lé yín lọ́wọ́. Owó tẹ́ ẹ san ò sọ pé ẹ ti ni ín. Kódà nínú òfin Amẹ́ríkà yẹn, oríṣi iṣẹ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lè tipasẹ̀ ìwé sọ di "iṣẹ́ tí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é ló ni ín" láti ìbẹ̀rẹ̀; apá kan nínú fíìmù tàbí fídíò wà níbẹ̀, lógò tó dá dúró ò sí níbẹ̀, ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ lọ sọ́dọ̀ yín ló máa gbà yín níbi lógò.

Tiyín wá lọ́jú pọ̀ díẹ̀ torí èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀. Ẹni mósọ̀n náà, ájẹ́ǹsì tó ń sanwó fún un, àti ẹ̀yin. Ó lè jẹ́ pé lójú òfin, ájẹ́ǹsì ni ọ̀gá ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Nítorí náà ìwé méjì gbọ́dọ̀ so kọ́ra: kí ẹni náà ti gbé ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ẹ̀ fún ájẹ́ǹsì tàbí fún yín tààrà, kí ájẹ́ǹsì náà sì kọ ọ́ nínú ìwé tiyín pé ohun gbogbo tó bá kan àwọn ti di tiyín. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí ẹni náà tọwọ́ bọ̀ hàn yín. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà, áńbọ̀sì ti ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí fáìlì tí wọ́n fi ṣe é gan-an wà nínú àdéhùn, kì í ṣe fídíò tó ti parí nìkan. Láìsí fáìlì After Effects yẹn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí iye owó tó wà nínú ìpolówó padà, ẹ máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí wọ́n lò, àti ti orin gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín, torí fọ́ǹtì tó rà fún ara ẹ̀ ò lè bá yín gbé lẹ́yìn tó bá lọ. Kí àkáǹtì Figma tàbí ibi yòówù tí wọ́n ń kó iṣẹ́ sí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ̀tọ́ kan tún wà tó jẹ́ ti ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, pé kí wọ́n dárúkọ òun mọ́ iṣẹ́ òun, kí wọ́n má sì ba iṣẹ́ náà jẹ́ lọ́nà tó máa tàbùkù òun. Ó wọ inú Àdéhùn Berne, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí kọ́píráìtì, ní 1928, àdéhùn náà fúnra ẹ̀ ti wà láti 1886. Láwọn ibì kan èèyàn lè kọ̀wé pé òun fi í sílẹ̀, ní Faransé kò ṣeé fi sílẹ̀ rárá. Ohun tó rọrùn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó lè fi fídíò náà sínú pọtifólíò ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jáde, kò ná yín ní nǹkan kan, ó sì tọ́ sí i. Ẹ bi í náà nípa AI, torí ọ́fíìsì kọ́píráìtì Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 2023 pé apá tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló dá a ṣe, àwọn ò ní forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Tí lógò yín bá lọ jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ní ìṣòro láti lo òfin kọ́píráìtì fún ẹni tó bá dà á kọ.

Rìkúrútà_Tẹ́lẹ̀ dáhùn:

Lórí kẹ́ ẹ gbà á sọ́dọ̀ ara yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: wọ́n máa béèrè owó. Ẹ dúnàá-dúrà ẹ̀ nísinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ràn ẹni náà tán. Ẹ ní kí owó yẹn máa dín kù bó ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ yín, torí èrè ti wà fún ájẹ́ǹsì nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ti san fún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan láti 2003 fi ààlà sí i: tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá ti kọjá lẹ́yìn tó ṣíwọ́, tàbí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì, ájẹ́ǹsì ò lè gba owó yẹn mọ́. Ẹ tún bi wọ́n pé nínú owó wákàtí kan tẹ́ ẹ ń san, èló ló ń dé ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan á sọ, àwọn kan ò ní sọ, àmọ́ tí ohun tó ń dé ọwọ́ ẹ̀ bá kéré jù, oṣù kejì ló máa ríṣẹ́ míì.

Alákòóso_Ọ́fíìsì kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ṣé o, mi ò lè dúpẹ́ tán. Ìbéèrè ìkẹyìn. Ọ̀gá mi ní kí àwọn dìsáínà mẹ́ta tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn àyẹ̀wò kọ́kọ́ ṣe páálí tuntun kan fún wa ká fi dán wọn wò. Páálí ọjà tá a fẹ́ gbé jáde gan-an ni. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Dìsáìnì dáhùn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ọ̀gá yín. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn lójú gbogbo wa, AIGA, ẹgbẹ́ àwọn dìsáínà Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1914, ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ tipẹ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn dáa ò sì ní ṣe é, wọ́n á kàn sọ fún rìkúrútà pé àwọn ti yọwọ́. Ẹ̀yin náà ò sì ní mọ ẹni tó ni àwòrán tó bá wù yín nínú èyí tẹ́ ò gbà.

Tó bá jẹ́ dandan, ẹ mú páálí àtijọ́ kan tẹ́ ò tà mọ́, ẹ sanwó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta fún wọn, ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò ní lò ó. Ẹ má ní kí wọ́n ṣe é parí. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun mẹ́ta tí wọ́n máa yí padà níbẹ̀ àti ìdí ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ yà á sórí bébà, kẹ́ ẹ wá jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́.

Atọ́nà_Àwòrán dáhùn:

Mo wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀ o, kó ta ko ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yẹn, bó bá tiẹ̀ wù ú. Bí dìsáínà náà bá bi í pé "kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ ẹ, sà?" kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ẹ ní kí ájẹ́ǹsì kọ ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí ó ṣeé ṣe kó ní íntáfíù míì lọ́jọ́ kejì.